Gìtá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo fẹ́ dá padà: bó ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ká ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gba gìtá yìí ni mo kọ ọ́, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ǹ bá fún un, èyí náà á sì jẹ́ torí pé wọn ò fi òfo sára ohun téèyàn lè yàn ni. Ṣùgbọ́n mo ti lò ó fún oṣù mẹ́ta báyìí, mo wá rí i pé gìtá yẹn gan-an ò ṣẹ̀ mí, wọn ò kàn tò ó dáadáa kí wọ́n tó tì í sínú páálí ni.

Ohun tí mo rà ni ẹrù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kó pọ̀ sínú páálí kan: gìtá oníná, áńpù kékeré oníwáàtì 10, wáyà kan, bélítì tí a fi ń gbé e kọ́ èjìká, píìkì mẹ́ta, báàgì àti Allen key méjì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń yí sùkúrù). Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo gìtá irú ẹ̀, àwọn tó ń fara wé Stratocaster tí Fender gbé jáde lọ́dún 1954, tó ní ìwo méjì, pickup mẹ́ta (ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sínú áńpù), àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ń mú ohùn gbọ̀n lára bíríìjì, ìyẹn irin ìdí gìtá tí okùn so mọ́. Tí tiyín bá jọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa kà á lọ.

Ojú ẹ̀ dára, mi ò ní parọ́. Ó ń dán, ọrùn ẹ̀ kún ọwọ́ dáadáa, mo tiẹ̀ fi ọ̀rá tó wà lórí ike funfun iwájú ẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko torí mi ò mọ̀ pé yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ tíúnù ẹ̀, ìyẹn kí n yí okùn kọ̀ọ̀kan dé ohùn tó yẹ kó máa dún. Mo ṣí áàpù lórí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn kẹfà tó nípọn jù, mo gbé e dé ohùn tí wọ́n ń pè ní E, mo lọ sí A, D, G, B, mo dé orí E tẹ́ẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, mo ní kí n padà wo ti àkọ́kọ́, ó ti wálẹ̀. Mo gbé e sókè padà, làwọn tó kù bá tún wálẹ̀. Mo ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti pinnu pé àwọn kọ́kọ́rọ́ orí ẹ̀ tí wọ́n fi ń fa okùn ló ń yọ̀, mo ti ń wá rìsíìtì.

Ti ìka ni kí n sọ ni? Okùn yẹn jìnnà sí igi débi pé tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lórí fret àkọ́kọ́ (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), ńṣe ló dà bíi pé wáyà tí wọ́n ń sá aṣọ lé lórí ni mò ń tẹ̀. Kọ́ọ̀dù F (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí a ta pa pọ̀)? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá kan tó ti ń fi gìtá ṣeré látìgbà tí mo wà ní kékeré ló gbà mí. Mo gbé e lọ bá wọn pé Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n dá a padà? Wọn ò tiẹ̀ ta á. Wọ́n gbé e sójú bí ẹni tó ń fi ìbọn wo nǹkan, wọ́n di ojú kan, wọ́n wo ọrùn ẹ̀ láti orí dé ìdí, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. "Gìtá ẹ ò lárùn kankan. Ẹnikẹ́ni ò tíì tò ó ni, ìwọ náà wá gbé ìjà kò ó." Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la fi tò ó, ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó bá páálí wá. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ò ju àwòrán bí wọ́n ṣe ń ki wáyà bọ áńpù lọ.

Okùn la kọ́kọ́ bọ́ dànù. Èyí tó bá a wá ti ń dípẹtà, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ fi òkú okùn tò ó tí ohùn ẹ̀ á fi jọ nǹkan. A fi tuntun sí i, íǹṣì 0.009 sí 0.042, ìyẹn ni àwọn tó ń ta gìtá kàn ń pè ní 9, bó ṣe nípọn náà nìyẹn nígbà tó ti ilé iṣẹ́ wá. Ẹ má kánjú pààrọ̀ sí 10 torí pé ẹnì kan sọ lórí YouTube pé ohùn ẹ̀ kún ju ti 9 lọ, torí okùn tó bá nípọn ń fa ọrùn àti bíríìjì jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ohun tí ẹ ti tò lẹ máa tún tò. Kí okùn yí kọ́kọ́rọ́ po lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó, ẹ má wé e bíi gèlè. Okùn tuntun máa ń nà, nítorí náà ẹ rọra fi ọwọ́ fà á sókè díẹ̀díẹ̀ lórí gìtá, ẹ tíúnù, ẹ tún fà á, títí tí ohùn ẹ̀ ò fi ní wálẹ̀ mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ohùn tí kò dúró lójú kan yẹn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí ẹ̀ torí òun ló fẹ́ lé mi sá. Bíríìjì irú gìtá yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn mọ́ igi pátápátá. Okùn mẹ́fà ń fà á síwájú, sípíríìnì mẹ́ta tó fara pamọ́ sẹ́yìn gìtá lábẹ́ ike ń fà á sẹ́yìn, àárín wọn ló wà. Tí ẹ bá wá fa okùn kan le, ẹ ti bá ẹgbẹ́ iwájú kún agbára nìyẹn, bíríìjì á gbé ìdí sókè díẹ̀, okùn márùn-ún tó kù á dẹ̀, ohùn wọn á wálẹ̀. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tó ń yọ̀! Èmi ni mò ń lé ara mi kiri. Ohun tí Bọ̀ọ̀dá ṣe ni pé wọ́n tú ike ẹ̀yìn, sùkúrù gígùn méjì wà níbẹ̀ tó gbá irin tí sípíríìnì so mọ́ mú igi, wọ́n ń dè é le ní ìlàjì ìlàjì, wọ́n ń tíúnù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dè é, títí bíríìjì fi jókòó pẹrẹsẹ lórí igi. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni pé ẹ ò ní lè fi ọ̀pá yẹn gbé ohùn sókè mọ́, títẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ nìkan lẹ máa lè ṣe. Fún ẹni tí kò tíì mọ kọ́ọ̀dù C, àdánù wo nìyẹn? Èmi ti yọ ọ̀pá tèmi pátápátá, ó wà nínú báàgì, mi ò sì ṣàárò ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọrùn. Gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa pọ̀ ń fa ọrùn gìtá pẹ̀lú agbára tó ju ìwọ̀n kílò 35 lọ, igi sì nigi, ó máa tẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ki ọ̀pá irin kan sínú ọrùn tó ń bá a dọ́gba, truss rod lorúkọ ẹ̀. Wọn kì í fẹ́ kí ọrùn nà gbọnrangandan o, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú bín-ín-tín kí okùn lè ráyè gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ni pé ẹ tẹ okùn kẹfà mọ́lẹ̀ lórí fret àkọ́kọ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lórí ìkẹtàdínlógún, ẹ wá wo àyè tó wà láàárín okùn àti orí fret keje tàbí ìkẹjọ. Ó yẹ kó tó milimítà 0.25. Níbo lẹ fẹ́ ti rí ohun tó lè wọn ìyẹn? Ara èérún okùn tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni. Okùn àkọ́kọ́, 0.009 yẹn, nípọn tó milimítà 0.23, tó bá wọlé tó kan fara kan òkè àti ìsàlẹ̀, ọrùn yín dára. Tèmi? A ki okùn kẹta bọ̀ ọ́, èyí tó jẹ́ 0.016, ó kọjá láìfara kan ibì kankan. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ìka mi fi ń ta.

Wọ́n yí truss rod yẹn sí apá ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ìdá kan nínú mẹ́rin àyípo kan péré, wọ́n tíúnù, wọ́n wò ó, wọ́n tún yí i díẹ̀. Apá ọ̀tún ló ń na ọrùn, apá òsì ló ń jẹ́ kó tẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù ibí yìí, ẹ̀rù náà sì dára ní ìwọ̀nba: ẹ má yí ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi Allen key tí kò bá a mu há a torí ẹ máa jẹ ẹnu ẹ̀, tó bá sì le tí kò fẹ́ yí, ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọrùn tí ẹ bá ṣẹ́, ẹ ṣẹ́ gìtá nìyẹn.

Ìgbà tí ọrùn ti dọ́gba ni wọ́n tó fọwọ́ kan gíga okùn, àṣìṣe tí mo sì máa ń rí lọ́dọ̀ àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ibẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Irin kéékèèké mẹ́fà ni okùn gùn lé lórí bíríìjì, saddle ni wọ́n ń pè wọ́n, sùkúrù kíún méjì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, Allen key tó kéré jù nínú páálí ni tiwọn. Ẹ fi rúlà irin wọ̀n ọ́n lórí fret kẹtàdínlógún, láti orí fret dé ìsàlẹ̀ okùn. Milimítà 1.6 ni Fender fúnra wọn máa ń dámọ̀ràn fún irú gìtá yìí. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3! A sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a jẹ́ kí àwọn okùn àárín ga díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, torí ojú igi yẹn ṣe kọ́lọ́bọ́ díẹ̀, kì í ṣe pẹrẹsẹ. Tí okùn bá ń dún zzz, ẹ má tíì sá sókè padà. Ẹ tan áńpù, tí kò bá dún jáde níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa dún tiẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ lórí fret mẹ́rin márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ló ti ń dún, ọrùn ló ṣeé ṣe kó nà jù. Tó bá jẹ́ káàkiri ni, saddle ti wálẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, fret kan ló ṣeé ṣe kó yọrí ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ìyẹn ti di iṣẹ́ ẹlòmíì.

Ike funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè ọrùn tí okùn ń gba inú ihò ẹ̀ kọjá, nut, òun náà ga díẹ̀ lára tèmi, Bọ̀ọ̀dá fi fáìlì kékeré kan bá mi gbẹ́ ẹ, wọn ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án torí tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ jù, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dá a padà. Ohun tí wọ́n ní èmi lè ṣe ni kí n fi ẹnu pẹ́ńsùlù pa inú àwọn ihò yẹn. Èédú pẹ́ńsùlù máa ń jẹ́ kí okùn yọ̀ kọjá, ohùn "tín" tí mo máa ń gbọ́ nígbà tí mo bá ń yí kọ́kọ́rọ́, tí ohùn á wá fò lójijì, ti lọ.

Èyí tó kàn ni wọ́n ń pè ní intonation, ìyẹn kí ohùn okùn péye níbi gbogbo lórí ọrùn, mo fẹ́ràn ẹ̀ torí ó dà bí ìṣirò. Láti nut dé bíríìjì lórí irú gìtá yìí jẹ́ íǹṣì 25.5, ìyẹn milimítà 648. Fret kejìlá wà ní ìdajì rẹ́gí, 324, ìdí nìyẹn tí ohùn ibẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ohùn okùn òfìfo (èyí tí a ò tẹ̀) kan náà tó kàn gòkè ní ọ́kítéfù kan. Ẹ ta okùn lófìfo, ẹ tíúnù ẹ̀, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lórí fret kejìlá kí ẹ wo áàpù. Tó bá ga jù, ẹ fi sùkúrù ẹ̀yìn bíríìjì fa saddle okùn yẹn sẹ́yìn kí okùn gùn sí i. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ tì í síwájú. Ẹ tíúnù, ẹ tún wò ó. Èmi dá a ṣe nílé lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo okùn ló ń ga lójú mi, mo fa saddle sẹ́yìn títí, kò dáa, mo pe Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní kí n ta á kí wọ́n gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ní "Ìwọ, tẹ nǹkan jẹ́jẹ́, ta ló ń lé ẹ?" Àṣé agbára tí mo fi ń tẹ okùn ló ń fa ohùn sókè. Wọ́n ní kí n sọ ọwọ́ kalẹ̀, ẹ̀yìn fret ni kí n máa tẹ̀, nítòsí irin, kí n má tẹ àárín méjèèjì.

Àwọn pickup, ṣókí: mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n, tí wọ́n bá sún mọ́ okùn jù wọ́n á máa fà á, ohùn á máa fì bí ẹni tó mutí. Ẹ tẹ okùn lórí fret tó kẹ́yìn, kí milimítà bíi 2.4 wà láàárín òun àti pickup lápá okùn nípọn, 2 lápá okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ pé gìtá yín ń kùn hùn-ùn-ùn nínú áńpù, pé ó ti bàjẹ́, kò bàjẹ́. Pickup tó ní ìdì wáyà ẹyọ kan ló máa ń gbé ìkùn iná wọlé, torí ẹ̀ ni Seth Lover ní Gibson ṣe jókòó lọ́dún 1955 tó ṣe humbucker, pickup tó fi ìdì wáyà méjì tó kọjú síra pa ìkùn náà. Tó bá ń dínkù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan okùn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ ti ṣíìsì tí wọ́n fi ń yan pickup sí ipò kejì tàbí ìkẹrin, lára ọ̀pọ̀ gìtá ìgbà yìí ìkùn máa ń lọ níbẹ̀.

Ẹ̀sùn mi gan-an ni mo fẹ́ rò báyìí. Etí àwọn fret yẹn ń họ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ohun tó máa ń fà á ni pé igi máa ń gbẹ, á súnkì, irin ò sì lè súnkì, orí irin á wá yọ síta. Wọ́n ní kí ọ̀rinrin inú yàrá wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, mo gbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ṣí páálí gan-an ló ti ń họ mí, ṣé yàrá mi ló fà á ni? Ìyẹn ò dáa. Fáìlì ni Bọ̀ọ̀dá tún fi pa á.

Áńpù: tí ohùn bá mọ́ lásán, ó gbé e dáadáa. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí ohùn ya, oyin tí wọ́n ti mọ́ inú agolo nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ihò íyafóònù, àwọn ará ilé mi dúpẹ́. Kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ yọ ọ́, ẹ yí ohùn wálẹ̀ pátápátá, "gbàù" tó máa ń dún yẹn ò ṣe sípíkà lóore. Bélítì máa ń já bọ́ kúrò lára bọ́tìnnì, ìgbà kan tí gìtá fẹ́ já lulẹ̀ ni mo fi rọ́bà róbótó méjì há a. Nọ́ọ̀tì tó yí ihò wáyà ká lára gìtá á máa dẹ̀, ẹ tètè dè é, torí tó bá ń yí, wáyà inú á lọ́, á já. Ẹ fi wáyà gba abẹ́ bélítì kí ẹ tó kì í bọ gìtá, kó má bàa já tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báàgì yẹn, eruku nìkan ló lè dá dúró.

Ìtọ́jú ò le. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó ta á, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lókè àti lábẹ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, òógùn ló ń pa okùn. Tí ojú igi ọrùn yín bá dúdú tí wọn ò fi fánísì pa á, ẹ fi òróró tí wọ́n ṣe fún un rà á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ nu ìyókù kúrò. Tó bá jẹ́ èyí tó funfun tó ń dán ni, ẹ má da òróró sí i, aṣọ tútù díẹ̀ ti tó. Ẹ má fi òróró tí wọ́n fi ń nu tábìlì nù ún. Ẹ má fi í sínú mọ́tò nínú oòrùn, ẹ má gbé e ti ògiri, torí ó máa yọ̀ ṣubú, orí ẹ̀ ló sì máa fi dẹ́lẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ tú okùn sílẹ̀ ní gbogbo alẹ́, ẹ má dá wọn lóhùn, ọrùn tí a ti tò pẹ̀lú okùn tó le yẹ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ṣé kí ẹ rà á? Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó lè bá yín tò ó, tàbí tẹ́ ẹ bá lè fi ọ̀sán kan, rúlà irin àti sùùrù ṣe é, ẹ rà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ nínú páálí kí ẹ máa ta á lójú ẹsẹ̀, rárá o, ẹ wá ibi tí wọ́n á ti bá yín tò ó kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Kọ́ọ̀dù F mi ti ń jáde báyìí, mẹ́ta nínú márùn-ún, okùn kejì ṣì ń kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Gìtá: 4 nínú 5, etí fret yẹn ló jẹ ìkan. Áńpù: 2 àti ààbọ̀. Bélítì: 1. Wáyà: ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàrà-kàrà lọ́sẹ̀ kejì, ó kú lọ́sẹ̀ kẹta, mi ò lè fún òkú ní máàkì.